Laroxyl ni dókítà kọ fún mi nítorí ìrora gbogbo ara, ẹ bá mi dá sí i

Àlàkẹ́_Ouando

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àjàṣẹ́ níbí ni mo wà, aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Ouando. Ọ̀rọ̀ ara mi ni mo gbé wá o, ẹ má bínú tó bá gùn.

Ó ti pẹ́ tí gbogbo ara ti ń ro mí, èjìká, ọrùn, ẹ̀yìn, ìbàdí, orúnkún, tó bá kúrò níbí lónìí á bọ́ sọ́hùn-ún lọ́la, tí mo bá sì tètè sùn títí di ìdájí màá jí bí ẹni tí kò fojú kan oorun rárá. Láàárọ̀ ọwọ́ mi á le gan-gan, n ò ní lè tú okùn ìdì aṣọ, ọmọ mi obìnrin ló máa ń bá mi tú u kí n tó lè pàtẹ. Iyè mi náà ò dúró mọ́, oníbàárà á sọ iye yáàdì tó fẹ́, kí n tó mú àlùmọ́gàjí ó ti fò lọ lórí mi, màá tún bi í, òun náà á wá máa wò mí.

Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò títí ó fi sú mi, ibà kò sí, ṣúgà kò sí, wọ́n ya fọ́tò eegun, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Àwọn ará ilé ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọ̀lẹ ni, àwọn kan ní ayé ni. Ìgbà tí mo wá rí dókítà tó ń wo oríkèé ní Kútọnu ló fọwọ́ tẹ̀ mí káàkiri, ó bi mí nípa oorun, ó bi mí nípa iyè, ó ní fibromyalgie ni wọ́n ń pè é. Ó wá kọ Laroxyl fún mi, èyí tí wọ́n ń kán yẹn, ó ní kí n máa kán díẹ̀ sínú omi lálẹ́. Mo dé ilé, ọmọ mi tó ń lọ sí lísè ka bébà inú páálí rẹ̀ fún mi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé oògùn àwọn tí ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì ni. Ọkọ mi gbọ́ ọ, ó ní ṣé orí mi ló dàrú ni. Láti ìgbà yẹn ìgò náà wà nínú àpótí, n ò tíì ṣí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó sọ fún mi. Ṣé oògùn wèrè ni lóòótọ́? Ṣé kì í di bárakú síni lára? Ṣé kò wá sí èyí tó lè wo àìsàn yìí kó tán pátápátá?

---

Fámásì_Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrora, ẹ kú àfaradà. Fámásì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ni mò ń rí ẹni tí irú ìbẹ̀rù yìí ń mú, torí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ń dùn yín jù. Dókítà kò sọ pé orí yín dàrú. Oògùn kan lè ní iṣẹ́ méjì. Amitriptyline ni orúkọ ohun tó wà nínú Laroxyl, láti ọdún 1961 ni wọ́n ti ń lò ó ní Amẹ́ríkà, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é fún, nígbà tó yá ni àwọn dókítà wá rí i pé tí wọ́n bá fúnni ní ìwọ̀n kékeré, ó ń dín ìrora iṣan kù, ó sì ń jẹ́ kí oorun wọra. Ẹ wo ìwọ̀n yẹn dáadáa o. Ẹni tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè máa lo 75 miligíráàmù, ó lè dé 150 lójúmọ́. Ti ìrora bíi tiyín, láti 10 ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í sábà kọjá 50. Ti Laroxyl tí wọ́n ń kán yìí sì rọrùn, torí ẹ̀kán kan jẹ́ miligíráàmù kan, dókítà lè fi díẹ̀díẹ̀ gbé e sókè títí á fi bá yín lára mu.

Kí ló wá fà á tí oògùn ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́ fún ìrora orúnkún àti èjìká? Torí pé níbi tí a ti wádìí àìsàn yìí dé, kì í ṣe orúnkún yẹn ló bàjẹ́, kì í ṣe èjìká ló ń wú. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò kò fi rí nǹkan kan. Ọpọlọ àti iṣan ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń gba ìròyìn láti ara tó sì ń sọ ọ́ di ńlá, bí ajá tó yẹ kó máa gbó olè tó wá ń gbó àwọn ará ilé tọ̀sán-tòru. Ìrora yẹn kì í ṣe irọ́, ẹ̀yin ò sì dọ́gbọ́n ọ̀lẹ, ẹ sọ ọ́ fún wọn nílé ọkọ yín pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí yìí kan náà ni àwọn oògùn ìrora bí ibuprofen àti diclofenac kì í fi í ṣe é ní nǹkan kan, torí ohun tó wú ni wọ́n ń wá kiri, wọn ò rí i, ikùn àti kíndìnrín ni wọ́n máa wá bá jà tẹ́ ẹ bá ń gbé wọn mì lójoojúmọ́. Ti cortisone àti dexaméthasone tiẹ̀ tún burú jù, n ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí Laroxyl lè ṣe sí yín: ẹnu á gbẹ, ìgbẹ́ lè le, ojú lè máa kún fún oorun láàárọ̀, òòyì lè kọ́ yín tẹ́ ẹ bá dìde lójijì, àwọn mìíràn máa ń sanra. Ẹ tètè kán an lálẹ́ kí oorun rẹ̀ má bàa di ti àárọ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ṣí ìgò yẹn, tí ọkàn yín bá ti ní àìsàn rí, tẹ́ ẹ bá ní àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma, tí ìtọ̀ kì í já geere, tí gìrì bá ti gbé yín rí, ẹ padà lọ sọ fún dókítà kó mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì retí pé lọ́jọ́ kejì ara á ti dá. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹni tó ń lò ó tó mọ̀ bóyá ó bá òun mu.

Oògùn tí í wò ó tán pátápátá, kò sí i. Mi ò ní fi irọ́ tù yín nínú. Ní Amẹ́ríkà oògùn mẹ́ta ni ìjọba wọn kọ́kọ́ fọwọ́ sí fún fibromyalgie: pregabalin lọ́dún 2007, duloxetine lọ́dún 2008, milnacipran lọ́dún 2009. Àjọ tó ń yẹ oògùn wò ní Yúróòpù gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, wọn ò fọwọ́ sí ìkankan fún àìsàn yìí, wọ́n ní ìtura rẹ̀ kò tó ewu rẹ̀. Nígbà tí àwọn dókítà oríkèé ti Yúróòpù wá ṣe ìmọ̀ràn tuntun lọ́dún 2017, nínú gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀, eré ìdárayá díẹ̀díẹ̀ nìkan ni wọ́n fọwọ́ sọ̀yà fún, amitriptyline yín wà nínú àwọn tí wọ́n ní ẹ lè gbìyànjú. Torí náà ẹ fi oògùn sí ipò rẹ̀: ó ń ran oorun lọ́wọ́, ó ń dín ìrora kù fún àwọn kan, ibi tó mọ nìyẹn.

---

Tíṣà_Ṣábẹ

Ẹ kú ìjókòó. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní Ṣábẹ. Èmi náà ní àìsàn yìí, àwọn ènìyàn máa ń rò pé obìnrin nìkan ló ń ṣe, kò rí bẹ́ẹ̀, àwa ọkùnrin tó ní in kàn máa ń dákẹ́ ni. Ní Parakou ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n fún mi.

Èmi ò lè lo Laroxyl torí ìtọ̀ mi ti ń ṣòro tẹ́lẹ̀, dókítà wá fún mi ní pregabalin, Lyrica ni orúkọ ara páálí. Kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀, ó wá ń gbé e sókè. Oorun ló kọ́kọ́ dáa, ìyàwó mi ló tiẹ̀ sọ fún mi pé mi ò yí gbirigbiri lórí ẹní mọ́. Ìrora wá dínkù, kò lọ o, mo ní ó dínkù. Ẹsẹ̀ mi wú, bàtà mi kò wọlé mọ́, òòyì sì ń kọ́ mi débi pé dókítà ní kí n má gun alùpùpù fúngbà díẹ̀. Ó dá ìwọ̀n rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì fà.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún ohun tí ará fámásì sọ. Àwọn tó ṣe ìwádìí pregabalin rí i pé tẹ́ ẹ bá kó ènìyàn mẹ́wàá tó ń lò ó jọ, tẹ́ ẹ sì fi wọ́n wé mẹ́wàá tó ń lo oògùn tí kò ní nǹkan nínú, bí ẹnì kan péré lé ló máa ń rí ìtura ńlá. Ẹnì kan o! Mi ò sọ ọ́ láti kó àárẹ̀ bá yín, mo sọ ọ́ kẹ́ ẹ má bàa rò pé ẹ̀yin lẹ ṣe nǹkan tí kò dáa tí èyí àkọ́kọ́ kò bá jẹ́, ẹ padà lọ kí wọ́n gbìyànjú òmíràn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ní wàhálà sì gbọ́dọ̀ sọ kó tó gba pregabalin, torí kíndìnrín ló ń gbé e jáde, wọ́n máa ní láti dín ìwọ̀n rẹ̀ kù.

Ohun tí oògùn yẹn ṣe fún mi jù ni pé ó fún mi láyè láti rìn. Ní ìrọ̀lẹ́ mo máa ń rìn ní ìsàlẹ̀ òkè wa níbí, níbi tó tẹ́jú, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé mi dé ilé kejì, bó ṣe ń gùn sí i nìyẹn. Tí mo bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, oògùn nìkan kì í gbé mi.

---

Ọmọ_Ìdènà

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Kétu. Èmi rò pé ẹ̀ ń ná owó gọbọi lásán. Àǹtí mi tí ara ń ro bẹ́ẹ̀, lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ta oògùn nínú agbada lọ́jà ló ti ra kápúsù kan, ó lò ó lálẹ́, nígbà tílẹ̀ mọ́ ó ti ń gún iyán. Àwọn oníkẹ̀kẹ́nọ̀ tó ń fi alùpùpù gbé èrò náà ń lò ó, àwọn tó ń roko náà ń lò ó. Tramadol ni wọ́n ń pè é. Kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n ò fi lè so ó pọ̀ mọ́ ti dókítà?

---

Fámásì_Àjàṣẹ́

Àbúrò, mo mọ̀ pé àánú ló mú yín sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n Àlàkẹ́, ẹ má ṣe é láéláé. Tramadol àti Laroxyl kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ pò pọ̀. Àwọn méjèèjì lè fa gìrì, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n da ọpọlọ rú lẹ́ẹ̀kan náà, ara á gbóná, ara á máa gbọ̀n, ọkàn á máa sáré, ẹ̀mí lè bọ́ níbẹ̀. Duloxetine náà kò gbọ́dọ̀ bá tramadol pàdé láìjẹ́ pé dókítà mọ̀.

Dókítà kan lè kọ tramadol fún oní-fibromyalgie, ní ìwọ̀n tó mọ̀, fúngbà kúkúrú, kò burú. Èyí tí wọ́n ń tà nínú agbada ni mò ń bá wí, kò sẹ́ni tó mọ miligíráàmù tó wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kì í sábà jẹ́ òótọ́, oòrùn ti pa á, kò sí òjíji lórí rẹ̀. Ara sì máa ń tètè mọ́ ọn. Ẹni tó ń fi kan sùn lónìí á máa wá méjì lóṣù tó ń bọ̀, ọjọ́ tí kò bá sì rí i, òógùn á bò ó, inú á máa run ún, kò ní lè sùn, ìrora yẹn á padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Adjégounlè, nínú ọjà Dantokpa ní Kútọnu, lóṣù kejì ọdún 2017, tí àwọn ọlọ́pàá wọ ibẹ̀ tí wọ́n kó oògùn jáde ní ọkọ̀ ọkọ̀? Oògùn àwọn tí wọn ò ní fámásì ni gbogbo ẹ̀. Ìjà yẹn kò tíì parí.

Ẹ bá mi sọ fún àǹtí yín kó lọ sí sáńtà ìlera tó súnmọ́ ọn. Tó bá ti ń lò ó lójoojúmọ́, kó má kàn já a lójijì, kó sọ ọ́ bó ṣe rí, wọ́n á bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Àgbo náà, mi ò bá àgbo jà, ilé wa ni, ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń lọ dexaméthasone mọ́ àgbo tí wọ́n ń tà nínú ìgò, ẹni tó mu ún á rí i pé ara fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ á wú, ṣúgà rẹ̀ á gòkè. Tẹ́ ẹ bá ti rí àgbo tó ń wo ìrora ọlọ́dún gbọọrọ lọ́jọ́ kan, ẹ sá.

---

Ìyá_Ràfíà

Ẹ kú ilé o, Kétu lèmi náà wà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ará fámásì fún ti tramadol yẹn. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ọ̀rọ̀ eré ìdárayá tí ẹ ń sọ lè ṣe ẹlòmíràn léṣe.

Tèmi kì í ṣe ìrora ni olórí rẹ̀, àárẹ̀ ni. Ibà líle kan ló ṣe mí, ibà náà lọ, àárẹ̀ rẹ̀ kò lọ. Kì í ṣe àárẹ̀ tí ènìyàn ń sùn tó ń tán. Tí mo bá fọ aṣọ abọ́ kan lónìí, ara mi á dúró lónìí, lọ́la tàbí ọ̀tunla ni màá wá ṣubú, ọ̀fun á máa dùn mí, ìmọ́lẹ̀ á máa gún mi lójú, n ò ní lè gbé ìgbálẹ̀, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ kan kí n tó padà sí bí mo ṣe wà. Dókítà ní àìsàn àárẹ̀ àìlọ lèyí, pé ìbátan ni òun àti fibromyalgie, àwọn kan tiẹ̀ ní méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń ran ọ̀kan lọ́wọ́ lè da ìkejì ṣubú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún àwọn dókítà wọn ti yí ọ̀rọ̀ padà lọ́dún 2021, wọ́n ní kí dókítà má fi túláàsì sọ fún oní-àárẹ̀ yìí mọ́ pé kó máa fi kún ìrìn rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí ẹni náà mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, kó sì dúró kó tó débẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: mo jókòó sórí àpótí fọ aṣọ, mo pín in sí méjì, mo sinmi kó tó rẹ̀ mí, kì í ṣe ìgbà tó bá rẹ̀ mí tán. Tí mo bá ń se wọ̀, ọkà àgbàdo wa yẹn, ọmọ mi ló ń rò ó. Ó ti ń dín ṣíṣubú mi kù. Oògùn tó wo àárẹ̀ yìí fúnra rẹ̀, wọn ò tíì rí i, èyí tí wọ́n fún mi fún oorun àti orí fífọ́ nìkan ni mò ń lò. Àwọn tó ń ta fítámìnì àti omi ìfàsára fún wa pé á gbé wa dìde, kò sí èyí tó gbé mi dìde nínú wọn, owó mi ló gbé lọ.

Ẹ̀gbọ́n Àlàkẹ́, ẹ kíyè sí ara yín. Tẹ́ ẹ bá rìn lónìí tí ọ̀la yín dáa tàbí tó kàn ro díẹ̀, ẹ máa rìn lọ. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ń ṣubú lọ́jọ́ kejì bíi tèmi, ẹ dá dúró kẹ́ ẹ sọ fún dókítà.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún wo ẹ̀jẹ̀ yín fún ohun tó kù kí wọ́n tó fi gbogbo rẹ̀ sórí fibromyalgie o. Ṣé wọ́n wo ẹ̀yà ara inú ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid? Ṣé wọ́n wo irin inú ẹ̀jẹ̀? Ṣé ẹ mọ jẹ́nótáìpù yín? Níbi tiwa níbí, àrùn ẹ̀jẹ̀ fòníkú-fọ̀ladìde máa ń fa ìrora eegun dáadáa, àwọn SC mìíràn dàgbà kí wọ́n tó mọ̀.

---

Àlàkẹ́_Ouando

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo pe ọkọ mi, mo ní kó jókòó, ọmọ wa ka gbogbo rẹ̀ fún un pátá, kò sọ̀rọ̀ títí, ó wá ní kí n gbé ìgò yẹn wá kí òun wò ó. Ó ní òun fúnra òun lá bá mi lọ tí mo bá ń padà lọ rí dókítà.

Ìyá Ràfíà, wọ́n wo irin, wọ́n wo thyroid, wọ́n ní ó dáa. AA ni mí. Tí mo bá rìn, kì í dá mi dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, á kàn máa ro mí ni.

Ìbéèrè méjì ló kù. Mùsùlùmí ni mí, ààwẹ̀ ń bọ̀, ṣé mo lè máa lò ó nínú ààwẹ̀? Èkejì, tí mo bá bẹ̀rẹ̀, ṣé títí ayé ni? Mo tún gbàgbé, mo máa ń mu Doliprane tí orí bá ń fọ́ mi, ṣé ó lè bá a pàdé?

---

Fámásì_Àjàṣẹ́

Inú mi dùn sí ọkọ yín gan-an, ẹ bá mi kí wọn.

Ààwẹ̀ kò ní dí i lọ́wọ́, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni lálẹ́. Ẹ ṣínu, ẹ jẹun, ẹ mu omi dáadáa, kẹ́ ẹ wá kán an. Wàhálà tó lè wà ni pé ó ń mú ẹnu gbẹ, lọ́sàn-án ẹnu yín lè gbẹ ju ti àwọn yòókù lọ, òòyì náà lè pọ̀ sí i tí omi bá dínkù lára. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ń ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ má fi agídí ṣe é, Ọlọ́run kò ni aláìsàn lára. Ẹ má sì kán an ní sààrì, oorun á gbé yín lórí igbá ọjà.

Kì í ṣe títí ayé dandan. Dókítà á máa bi yín lẹ́yìn oṣù díẹ̀ bóyá ó ń ṣe nǹkan kan. Tí kò bá ṣe é, kò sí ìdí láti máa gbé e kiri. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi í sílẹ̀, ẹ má já a lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀kán mélòó kan ni wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa yọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, torí ara tó ti mọ́ ọn lè fi orí fífọ́, èébì àti àìsùn gbẹ̀san. Kò jọ ti tramadol tó máa ń mú ènìyàn wá ìwọ̀n tó ju ti àná lọ, ẹ fọkàn balẹ̀ níbẹ̀.

Paracetamol ni Doliprane, òun àti Laroxyl kò jà. Kò ní ṣe nǹkan púpọ̀ sí ìrora fibromyalgie ni, ṣùgbọ́n fún orí fífọ́ kò burú, ẹ má kàn jẹ́ kó kọjá gíráàmù mẹ́rin lójúmọ́, ẹ sì wo ara páálí àwọn oògùn ọ̀fìnkìn, paracetamol máa ń wà nínú wọn, ènìyàn á lò ó léèmejì láì mọ̀.

Ẹ gbé ìgò yẹn sókè, níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò lè dé. Ìwọ̀n tí kò ní ṣe àgbàlagbà ní nǹkan lè pa ọmọ kékeré. Tẹ́ ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé sínú àpò dání, títí kan ti àgbo, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

---

Tíṣà_Ṣábẹ

Ẹ̀gbọ́n Àlàkẹ́, tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí ọmọ yín tó ń lọ sí lísè máa bá yín kọ ọ́ sínú ìwé kékeré lálaalẹ́: ẹ̀kán mélòó, oorun ṣe rí, ibo ló ro jù, ẹ rìn àbí ẹ ò rìn. Ohun tí dókítà tèmi fi mọ ìgbà tó yẹ kó dá ìwọ̀n Lyrica sẹ́yìn nìyẹn.

---

Ọmọ_Ìdènà

Ẹ ṣeun ará fámásì. Mo ti bá àǹtí mi sọ̀rọ̀. Ó ní òun máa ń lò ó ní ojoojúmọ́ báyìí, òun kò mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé a máa lọ sí sáńtà.